Bí A Ṣe Ń Tọpa Ọ̀rọ̀ Látìnì Kan Nínú Àwọn Èdè Tí Látìnì Bí

Ní Madrid, “salida” ni wọ́n ń kọ sí ojú ọ̀nà tí èrò ń gbà jáde nínú ibùdókọ̀ ojú irin. Ní Lisbon, “saída” ni wọ́n ń kọ síbẹ̀. Ní Genoa ní ilẹ̀ Ítálì, “salita” ni wọ́n ń pe òpópónà tó dàgẹ̀rẹ̀ lọ sókè, kò sì ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú ìjáde. Lẹ́nu àwọn ará Románíà, “săritură” ni fífò, irú èyí tí eléré ìdárayá ń fò. Lẹ́nu àwọn Faransé, “saillie” ni apá ilé tó yọ síta lára ògiri. Ọ̀rọ̀ Látìnì kan ṣoṣo, “salire”, ló bí gbogbo wọn.

Mo fẹ́ ṣàlàyé bí ẹni tó ń kọ́ àwọn èdè wọ̀nyí, tàbí ẹni tó kàn fẹ́ràn ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, ṣe lè fúnra rẹ̀ tọpa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láti orírun títí dé ibi tó fọ́nká sí, kí ó sì lè sọ ìdí tí ìtumọ̀ rẹ̀ fi yàtọ̀ láti èdè kan sí òmíràn. Ohun tí mo dúró lé lórí ni pé ìtumọ̀ kì í dá rìn. Àwọn ọ̀rọ̀ tó wà ní àdúgbò ọ̀rọ̀ kan nínú èdè ni wọ́n máa ń tì í síhìn-ín tàbí kí wọ́n fà á sọ́hùn-ún, ẹni tó bá sì ń wo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láìwo àwọn aládùúgbò rẹ̀ yóò rí ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n kò ní rí ìdí rẹ̀.

Àwọn èdè tí mo ń sọ ni Faransé, Ítálì, Sípéènì, Potogí, Románíà, Kàtàláànì àti àwọn ìyókù wọn, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní èdè Románsì. Látìnì tí àwọn ọmọ ogun, oníṣòwò àti àgbẹ̀ ń sọ lẹ́nu káàkiri ilẹ̀ ọba Róòmù ni gbogbo wọn ti yọ, kì í ṣe Látìnì tí àwọn akéwì ń kọ sínú ìwé.

Irú ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ẹ mú

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ló dára fún iṣẹ́ yìí. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n ti ẹnu òbí bọ́ sí ẹnu ọmọ láìdáwọ́dúró láti ìgbà Látìnì títí di òní. Àwọn mìíràn wà tí àwọn ọ̀mọ̀wé lọ hú jáde nínú ìwé Látìnì nígbà tó yá, tí wọ́n sì mú wọ inú èdè wọn. Ẹ jẹ́ kí a pe ti àkọ́kọ́ ní ọ̀rọ̀ àjogúnbá, kí a pe ti kejì ní ọ̀rọ̀ àyálò láti inú ìwé. Ọ̀rọ̀ àyálò kì í sábà yí ìtumọ̀ padà púpọ̀, nítorí pé kò tíì pẹ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn, àti pé àwọn tó mú un wá mọ ohun tó jẹ́ nínú ìwé tí wọ́n ti mú un. Ẹ wo “insultare”, tí í ṣe ọ̀kan nínú ẹbí “salire”. Fífò lé nǹkan tàbí lé ènìyàn ni Látìnì kọ́kọ́ fi ń pè, lẹ́yìn náà ó di fífi ènìyàn ṣẹ̀sín. Faransé ní “insulter”, Sípéènì àti Potogí ní “insultar”, Ítálì ní “insultare”, Románíà ní “insulta”. Bíbú ènìyàn ni gbogbo wọn. Ohùn wọn ṣọ̀kan tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ohun tí a óò tọpa níbẹ̀, ìṣọ̀kan náà gan-an sì ni àmì tó ń fi hàn pé ọ̀nà ìwé ni wọ́n gbà wọlé.

Nígbà mìíràn, èdè kan máa ń ní àjogúnbá àti àyálò láti inú ọ̀rọ̀ kan náà. “Fragilis” ti Látìnì, ohun tó lè tètè fọ́, di “frêle” lẹ́nu àwọn Faransé, tí wọ́n ń lò fún ẹni tí ara rẹ̀ kò lágbára. Àwọn ọ̀mọ̀wé sì tún padà sínú ìwé, wọ́n mú “fragile”. Bí ìrísí ọ̀rọ̀ bá ṣe jìnnà sí ti Látìnì tó, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ṣeé ṣe tó pé àjogúnbá ni. Nítorí náà, ẹ mú ọ̀rọ̀ tí ara ń ṣe lójoojúmọ́, bíi lílọ, bíbọ̀, gbígbé, fífò, kíká nǹkan, fífi nǹkan sílẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni ẹnu kò fi sílẹ̀ rí, àwọn ni wọ́n sì rìn jìnnà jù.

Kí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ní Látìnì ná

Ẹ ṣí ìwé atúmọ̀ Látìnì, kí ẹ má sì tẹ́wọ́ gba ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó wà ní ìlà àkọ́kọ́. Atúmọ̀ tí Lewis àti Short ṣe, tó jáde ní 1879, wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì máa ń to àwọn àpẹẹrẹ láti inú ìwé àtijọ́ sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ohun tí ẹ óò rí nípa “salire” ni pé fífò ni olórí ìtumọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe fífò ènìyàn nìkan. Omi tó ń tú sókè láti inú ẹ̀rọ ń “salire”, débi pé “salientes” ni àwọn ará Róòmù ń pe àwọn orísun omi tó ń tú jáde ní ìgboro. Àyà tó ń lù kìkì ń “salire”. Akọ ẹran tó gun abo ń “salire”. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ẹ má fojú kéré ọ̀kankan, nítorí ìtumọ̀ tó dà bíi pé ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ní Látìnì lè jẹ́ òun gan-an ni èdè kan yóò gbà tọ́jú.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ àwọn aládùúgbò rẹ̀ ní Látìnì sílẹ̀ pẹ̀lú. Jíjáde ni “exire”. Gígòkè ni “ascendere”. “Saltare”, tí a ṣẹ̀dá láti ara “salire” fúnra rẹ̀, túmọ̀ sí jíjó lẹ́nu àwọn ará Róòmù. A óò padà wá bá àwọn mẹ́ta yìí, nítorí ọwọ́ wọn ni kókó ọ̀rọ̀ náà wà.

Ìró ni kí ó kọ́kọ́ jẹ́rìí

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n á rí ọ̀rọ̀ méjì tó jọra, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìtàn tí yóò so ìtumọ̀ wọn pọ̀. Ọ̀nà tó tọ́ ni kí a kọ́kọ́ bi ìró léèrè. Ìró kì í yí padà bó ṣe wù ú: bí èdè kan bá pa ìró kan dà nínú ọ̀rọ̀ kan, yóò pa á dà nínú gbogbo ọ̀rọ̀ àjogúnbá tí ìró náà ti wà ní irú ipò kan náà, àfi bí ohun mìíràn bá dí i lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìró “l” tó wà láàárín fáwẹ̀lì méjì nínú “salire”. Èdè Potogí pa irú “l” bẹ́ẹ̀ rẹ́ pátápátá: “dolorem”, ìrora, di “dor”, “colorem”, àwọ̀, di “cor”, “volare”, fífò bí ẹyẹ, di “voar”. Nítorí náà “sair” ni ó yẹ kí a rí, òun náà ni a sì rí. Èdè Románíà sọ “l” yìí di “r”: “solem”, oòrùn, di “soare”, “mola”, ọlọ, di “moară”, “gula”, ọ̀nà ọ̀fun, di “gură”, tí í ṣe ẹnu. “Sări” ni ó yẹ kí ó jáde, ó sì jáde bẹ́ẹ̀. Ítálì àti Sípéènì kò fọwọ́ kan “l” náà, ìyẹn ni wọ́n fi ní “salire” àti “salir”. Ti Faransé nìkan ló fẹ́ àlàyé díẹ̀: nínú ìrísí bíi “salio”, mo fò, ìró “i” tó tẹ̀ lé “l” wọ̀ ọ́ lára, ó sì sọ ọ́ di ìró mìíràn, èyí tí wọ́n ń kọ ní “ill” tí wọ́n sì ń pè bíi “y” lónìí, ìrísí yẹn ni ó tàn ká gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe náà, tó fi di “saillir”.

Nígbà tí ẹ bá ti ní òfin ìró wọ̀nyí lọ́wọ́, ẹ óò lè lé àwọn àlejò jáde. Faransé ní ọ̀rọ̀-ìṣe “salir”, tí wọ́n ń kọ gan-an bí Sípéènì ṣe ń kọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n bíba nǹkan jẹ́ pẹ̀lú ìdọ̀tí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe ọmọ Látìnì rárá. “Sale”, ohun tó dọ̀tí, ni wọ́n fi ṣẹ̀dá rẹ̀, láti inú èdè àwọn Frank, tí wọ́n gba ilẹ̀ Gaul (ilẹ̀ Faransé òde òní) lẹ́yìn àwọn ará Róòmù. Bí “salire” bá fẹ́ dé Faransé, “saillir” ni yóò jẹ́. Ọ̀rọ̀ kejì kò ní àyè nínú ẹbí náà, bó ti wù kí ìrísí rẹ̀ fani mọ́ra tó.

Iyọ̀ ni ìdẹkùn kejì, ó sì dùn mọ́ mi láti máa wò ó, nítorí kò sí ibi tí kò ti yọjú. “Salem” ti Látìnì, iyọ̀, ní ìró tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú “salire”, nítorí náà àwọn méjèèjì ń rìn pọ̀ gba inú àwọn òfin kan náà lọ, wọ́n sì ń pàdé ní ìpẹ̀kun ọ̀nà ní èdè púpọ̀. Ní Ítálì, “sale” ni iyọ̀, “sale” náà ni “ó ń gòkè”. Ní Románíà, “sare” ni iyọ̀, “sare” náà ni “ó ń fò”. Ní Sípéènì, “sal” ni iyọ̀, “sal” náà ni a sì fi ń pàṣẹ fún ènìyàn pé kí ó jáde. Kò sí ẹyọ kan nínú ìwọ̀nyí tó fi hàn pé iyọ̀ àti fífò jẹ́ ẹbí. Ohun tó ń fi hàn ni pé ìró kì í bi ìtumọ̀ léèrè kí ó tó yí padà.

Bí ẹ bá fẹ́ yẹ iṣẹ́ yín wò, atúmọ̀ orírun ọ̀rọ̀ èdè Románsì tí Wilhelm Meyer-Lübke ṣe, tí ìtẹ̀jáde rẹ̀ kẹta wáyé ní 1935, to àwọn ọmọ sábẹ́ ọ̀rọ̀ Látìnì tó bí wọn. Fún Sípéènì, ti Joan Corominas ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù. Fún Faransé, ẹ lọ wo ìwé atúmọ̀ ńlá tí à ń pè ní Trésor de la langue française. Fún Románíà, ẹ wo dexonline, àkójọ àwọn atúmọ̀ èdè náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ óò máa rí àmì ìràwọ̀ níwájú àwọn ọ̀rọ̀ Látìnì kan. Ó ń sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ náà kò sí nínú ìwé kankan tó kù sílẹ̀, pé ìrísí àwọn ọmọ rẹ̀ ni a fi tún un kọ́.

Ẹ fi gbólóhùn wá ìtumọ̀

Ìtumọ̀ tí a kọ ní ọ̀rọ̀ kan máa ń pa ohun tó ṣe pàtàkì mọ́. Ẹ kó gbólóhùn jọ fún èdè kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì rí i pé àwọn tó ń sọ èdè náà ń lò wọ́n ní tòótọ́.

Ní Sípéènì, “salgo de casa” ni mo jáde nílé. “Sale el sol” ni oòrùn yọ. “Todo salió bien” ni gbogbo rẹ̀ yọrí sí rere. “Salió a su padre” ni ó jọ bàbá rẹ̀. Potogí tẹ̀ lé e pẹ́kípẹ́kí: “saio de casa”, mo jáde nílé, “saiu ao pai”, ó jọ bàbá rẹ̀, “saiu caro”, owó tó ná ni lórí pọ̀. Síbẹ̀ nígbà tí oòrùn bá yọ, “o sol nasce” ni àwọn Potogí máa ń sọ, wọ́n ní oòrùn ni a bí. Èdè méjì tó sún mọ́ra báyìí kò tún dọ́gba délẹ̀, irú ìyàtọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ kì í sì í hàn nínú atúmọ̀ tó kàn kọ “jáde” sí iwájú ọ̀rọ̀ méjèèjì.

Ní Ítálì, “salgo le scale” ni mo ń gun àtẹ̀gùn. “Salire sul treno” ni wíwọ ọkọ̀ ojú irin. “I prezzi salgono” ni iye owó ọjà ń lọ sókè. Ẹ kíyè sí “salgo”. Sípéènì àti Ítálì ń kọ ọ́ bákan náà, wọ́n sì ń pè é ní ọ̀nà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ ọ́ ní Madrid ń lọ síta, ẹni tó bá sọ ọ́ ní Róòmù ń lọ sókè. Ìró “g” inú rẹ̀ pàápàá kò sí nínú “salio” ti Látìnì. Èdè méjèèjì ló fi kún un ní àfarawé àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe wọn mìíràn.

Ní Románíà, ìtumọ̀ àtijọ́ ṣì dúró: “sar peste gard” ni mo fò kọjá ọgbà, “a sărit în ajutor” ni ó sáré dìde láti ṣèrànwọ́. Faransé ni ó ṣẹ́kù sí kékeré jù. Ẹni tó ń sọ Faransé lè lo ọ̀pọ̀ oṣù láìlo “saillir” lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ń lò ó fún ohun tó yọ síta, bí iṣan tó yọ lára apá, wọ́n sì ń lò ó fún akọ ẹran tó gun abo. Gírámà tilẹ̀ pín méjèèjì níyà: ohun tó yọ síta, “il saille” ni; akọ ẹran, “il saillit” ni. Ẹ rántí pé ìtumọ̀ akọ ẹran yìí wà ní Látìnì láti ìbẹ̀rẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ kan lásán.

Àwọn aládùúgbò

Nísinsìnyí, ẹ ya ìwé sí ọ̀nà mẹ́ta: fífò, jíjáde, gígòkè. Ẹ wá ọ̀rọ̀ tí èdè kọ̀ọ̀kan fi sínú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Bí ó ṣe rí nìyí:

Fífò: Faransé “sauter”, Ítálì “saltare”, Sípéènì “saltar”, Potogí “saltar”, Kàtàláànì “saltar”, Románíà “sări”.

Jíjáde: Faransé “sortir”, Ítálì “uscire”, Sípéènì “salir”, Potogí “sair”, Kàtàláànì “sortir” tàbí “eixir”, Románíà “ieși”.

Gígòkè: Faransé “monter”, Ítálì “salire”, Sípéènì “subir”, Potogí “subir”, Kàtàláànì “pujar”, Románíà “urca” tàbí “sui”.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Yàtọ̀ sí Románíà, “saltare”, ọ̀rọ̀ tí Látìnì fi ń pe ijó, ni ó wà nídìí fífò níbi gbogbo. Ijó fúnra rẹ̀ ti rí ọ̀rọ̀ tuntun gbà, bíi “ballare” ti Ítálì, “bailar” ti Sípéènì àti “danser” ti Faransé. Bí “saltare” ṣe bọ́ sídìí fífò nìyẹn, “salire” kò sì rí iṣẹ́ àtijọ́ rẹ̀ ṣe mọ́. Ọ̀rọ̀ tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lè kú. Ó sì lè bọ́ sídìí iṣẹ́ tó wà nítòsí. Ẹni tó fò lè fò síta, ó sì lè fò sókè. Ọ̀nà méjèèjì wà nínú “salire” láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, àwọn aládùúgbò ni wọ́n sì pinnu èyí tí yóò gbà.

Ní Sípéènì, ọmọ “exire” wà tẹ́lẹ̀, “exir” ni wọ́n ń pè é. Ewì akọni tí a kọ nípa Cid, jagunjagun ilẹ̀ Sípéènì kan, tí ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ mẹ́nu kan ọdún 1207, ń lo “exir” àti “salir” pọ̀. Lẹ́yìn náà “exir” rẹ̀yìn, “salir” sì gba ipò rẹ̀ tán. Ìyókù rẹ̀ tó ṣẹ́kù ni “ejido”, ilẹ̀ àjọni tó wà lẹ́yìn ìlú, níbi tí a bá ti jáde. “Éxito” tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ Sípéènì máa ń kọ́ pé àṣeyọrí ni, ọ̀nà ìwé ni ó gbà wọlé, láti inú “exitus”, tó jẹ́ ìjáde àti ibi tí ọ̀ràn yọrí sí.

Ní Ítálì, nǹkan kò rí bẹ́ẹ̀. “Exire” kò rẹ̀yìn níbẹ̀ rárá. Ó rí agbára kún agbára, nítorí “uscio”, ilẹ̀kùn, tó ti inú “ostium” ti Látìnì wá, fà á mọ́ra débi tí ó fi di “uscire”. Kò sí àyè fún “salire” ní ẹnu ọ̀nà. Àyè wà lókè, nítorí “ascendere” ti di ọ̀rọ̀ ìwé àti ti ìsìn, nítorí náà ibẹ̀ ni ó gbà. Ní ìgbà ayé Dante, akéwì Ítálì tó kú ní 1321, gígun àtẹ̀gùn ni wọ́n ti ń fi “salire” pè.

Ní Faransé, gbogbo ìlẹ̀kùn ló tì. “Sauter” gba fífò. “Monter”, tí a ṣe láti ara òkè ńlá, gba gígòkè. “Issir”, ọmọ “exire”, wà nídìí jíjáde fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí ó sì lọ, tó fi “issu”, ẹni tó ṣẹ̀ wá láti ìdílé kan, sílẹ̀ sẹ́yìn, “sortir” ló jogún rẹ̀. Ohun tó kù fún “saillir” ni àwọn igun tí ẹnikẹ́ni kò dù mọ́ ọn lọ́wọ́. Kàtàláànì tilẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀: ọ̀rọ̀-ìṣe náà kò ní àyè kankan nínú ọ̀nà mẹ́ta wa. Ṣùgbọ́n “sallent”, omi tó ń ti orí àpáta fò sílẹ̀, ṣì wà, ó sì di orúkọ ìlú, bíi Sallent ní ilẹ̀ Catalonia. Omi tí àwọn ará Róòmù ń pè ní “salientes” ṣì ń tú jáde nínú orúkọ náà.

Románíà ni ẹ̀rí ìkẹyìn, òun ló sì dá mi lójú jù. Níbẹ̀, “exire” dúró nínú “ieși”, “subire”, ọ̀rọ̀ Látìnì mìíràn tí a óò padà wá bá, sì ń ṣiṣẹ́ gígòkè nínú “sui”. Ẹnikẹ́ni kò ti “salire”, ẹnikẹ́ni kò sì fà á. Ó dúró sí ibi tí Látìnì fi í sí.

Mo rọ̀ yín kí ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú ohun kan. Àtẹ yìí ń fi hàn pé àwọn ọ̀rọ̀ ń rìn pọ̀, ṣùgbọ́n òun nìkan kò lè sọ èyí tó kọ́kọ́ gbéra. Ó lè jẹ́ pé “exir” ti ń rẹ̀yìn kí “salir” tó dé, ó sì lè jẹ́ pé “salir” ló lé e. Ìwé àtijọ́ nìkan ló lè dáhùn, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹ parí iṣẹ́ láìwo àkójọ ìwé àtijọ́ èdè náà. CORDE, irú àkójọ bẹ́ẹ̀ tí Real Academia Española, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ èdè Sípéènì ní Madrid, kó jọ, jẹ́ kí a lè tẹ ọ̀rọ̀ kan kí a sì rí i nínú ìwé láti ọ̀rúndún dé ọ̀rúndún. Ẹ ka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ méjèèjì jẹyọ ní ọ̀rúndún kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi wọ́n wé ara wọn.

Àwọn ìbátan tó tọ́jú ohun àtijọ́

Nígbà tí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe fúnra rẹ̀ bá ti ṣí kúrò, àwọn ọ̀rọ̀ tí a ṣẹ̀dá láti ara rẹ̀ lè dúró sẹ́yìn. Ítálì kò fi “salire” pe fífò mọ́, ṣùgbọ́n “assalire” ṣì ni kíkọlu ènìyàn, bíi ti “assaillir” àwọn Faransé: fífò lé e lórí ni. “Tressaillir” ti Faransé ni kí ara ẹni ṣàdédé gbọ̀n rìrì nígbà tí a bá ta gìrì, kò sì jìnnà sí àyà tó ń lù kìkì ní Látìnì. Sípéènì ní “sobresalir”, yíyọ ju àwọn yòókù lọ, ìyẹn ni wọ́n fi ń kọ “sobresaliente” sí iwájú máàkì akẹ́kọ̀ọ́ tó gbayì ní ilé ẹ̀kọ́. Ẹ máa wá irú àwọn ìbátan wọ̀nyí kí ẹ tó sọ pé èdè kan ti pàdánù ìtumọ̀ kan.

Ìtàn tó dùn àti ẹ̀rí

Ọ̀rọ̀ mìíràn tí àwọn olùkọ́ fẹ́ràn ni “plicare”, kíká nǹkan pọ̀. Ítálì ní “piegare”, Faransé ní “plier”. Kíká nǹkan pọ̀ ni méjèèjì títí di òní. Ṣùgbọ́n dídé ni “llegar” ti Sípéènì àti “chegar” ti Potogí, nígbà tí “pleca” ti Románíà jẹ́ lílọ kúrò. Ìró jẹ́rìí sí gbogbo wọn: “plenus”, ohun tó kún, di “pieno”, “plein”, “lleno”, “cheio” àti “plin” ní ọ̀nà kan náà gẹ́lẹ́.

Àlàyé tí a máa ń gbọ́ ni pé àwọn atukọ̀ ìwọ̀-oòrùn ń ká ìgbòkun nígbà tí wọ́n bá gúnlẹ̀, àwọn ọmọ ogun ìlà-oòrùn sì ń ká àgọ́ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gbéra. Ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ìdajì méjèèjì kò ní ẹ̀rí tó dọ́gba. Ní ti dídé, ìwé wà: Látìnì ń lo “applicare”, tí í ṣe ìbátan rẹ̀, fún mímú ọkọ̀ ojú omi sún mọ́ èbúté, àti Egeria, obìnrin tó kọ ìwé nípa ìrìn-àjò mímọ́ rẹ̀ sí Jerúsálẹ́mù ní ìparí ọ̀rúndún kẹrin, ti ń lo “plicare” fún sísún mọ́ ibì kan, lórí ilẹ̀ pàápàá, láìsí ìgbòkun kankan. Ní ti àgọ́ àwọn ọmọ ogun, àbá àwọn onímọ̀ ni. Ó bọ́gbọ́n mu, ó sì lè jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a kọ ọ́ pẹ̀lú ohùn kan náà tí a fi ń kọ ti Egeria.

Bí ẹ bá ń kọ àbájáde yín sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìyàtọ̀ yìí hàn nínú gbólóhùn yín. Ohun tí ìró fi hàn, ẹ kọ pé ìró ló fi hàn. Ohun tí ìwé fi hàn, ẹ kọ orúkọ ìwé àti ọdún tàbí ọ̀rúndún rẹ̀ sí i. Ohun tí ẹ rò, ẹ kọ pé èrò yín ni. Ẹ lè fi “subire” bẹ̀rẹ̀ tiyín. Lílọ sábẹ́ nǹkan, sísún mọ́ ọn láti ìsàlẹ̀ àti fífara da ìyà ni Látìnì fi ń pè. Gígòkè ni “subir” ti Sípéènì àti ti Potogí. “Subir” ti Faransé àti “subire” ti Ítálì sì jẹ́ kí nǹkan tí kò dára ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn. Ẹ kọ́kọ́ wádìí èyí tó jẹ́ àjogúnbá nínú wọn àti èyí tí àwọn ọ̀mọ̀wé mú wá láti inú ìwé, lẹ́yìn náà ẹ padà sí ọ̀nà gígòkè nínú àtẹ wa, kí ẹ wo ẹni tó ti jókòó síbẹ̀ ní èdè kọ̀ọ̀kan.